Fítámì C àti kọ́lájìn: ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí lójoojúmọ́ ní ṣọ́ọ̀bù

Ẹ kú déédéé àsìkò yìí o, ẹ̀yin ọmọ Lísàbí àti ẹ̀yin àlejò tó ń bá wa gbé. Oògùn ni mo ń tà ní Pánṣẹ́kẹ́, Abẹ́òkúta níbí, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ohun tí mo máa ń gbọ́ ni “Auntie kẹ́mísìtì, kí la lè lò sí ibà”, ṣùgbọ́n láyé ìsìnyí, kọ́lájìn ni, fítámì C ni, ìpara tó ń jẹ́ kí ojú máa dán bíi dígí ni. Mo ti dáhùn ẹ̀ títí ẹnu fẹ́ẹ̀ bó. Mo wá ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí wọ́n ṣe ń bi mí náà ni mo ṣe kọ ọ́, kò tò létòlétò, ẹ ṣàmójúkúrò.

Auntie, kí ni kọ́lájìn yìí gan-an?

Pòróténì ni. Òun ló pọ̀ jù nínú gbogbo pòróténì ara èèyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Ó wà nínú awọ, ó wà nínú egungun, ó wà nínú erìgì tó di eyín mú, nínú iṣan tó so ẹran mọ́ egungun, nínú ògiri òpó tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, kódà ojú tẹ́ ẹ fi ń ka eléyìí, ó wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti se bọ̀kọ́tọ̀ rí, tẹ́ ẹ gbé ìkòkò sílẹ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì, tẹ́ ẹ wá ṣí i tẹ́ ẹ rí i pé omi ẹ̀ ti dì bí ẹ̀kọ, ohun tó dì yẹn, kọ́lájìn tó yọ́ látinú awọ àti iṣan ẹsẹ̀ màlúù ni. Iṣẹ́ ẹ̀ lára ni kó di nǹkan mú. Búlọ́ọ̀kù ni sẹ́ẹ̀lì, kọ́lájìn ni rọ́ọ̀dù àti símẹ́ńtì.

Ṣé inú fítámì C ni kọ́lájìn wá wà ni, àbí inú kọ́lájìn ni fítámì C wà?

Kò sí èyí tó wà nínú èkejì. Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Àwọn tó ń ṣe kọ́lájìn nínú ara ló nílò fítámì C kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ẹ̀ bí mo ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún ìyá aládìrẹ kan láti Ìtọ́kú tó ní òun ò ní í kúrò lórí kàǹtà tí kò bá yé òun.

Okùn mẹ́ta lára máa ń lọ́ mọ́ra kó tó di kọ́lájìn kan, bí ìgbà téèyàn bá ń di irun ọmọdé ní mẹ́ta-mẹ́ta. Ṣùgbọ́n irun téèyàn dì tí kò so ìdí ẹ̀, ẹ mọ̀ pé kò ní í pẹ́ tú. Lára okùn tiwa yìí, ìkọ́ kéékèèké ló wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ara wọn mú, àwọn òṣìṣẹ́ kan nínú sẹ́ẹ̀lì, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní enzyme, ló sì ń fi ìkọ́ náà sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀bẹ tí àwọn òṣìṣẹ́ yìí ń lò, irin ni, irin kan náà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní áyọ́ọ̀nù. Irin sì rèé, ẹ mọ ìṣe ẹ̀, ó máa ń dípẹtà. Tó bá ti dípẹtà, òṣìṣẹ́ á jókòó, iṣẹ́ á dúró. Fítámì C ló ń ha ìpẹtà yẹn kúrò kí ọ̀bẹ lè mú padà. Ẹni tó ń bá wọn pọ́n ọ̀bẹ ni, kò bá wọn dìrun. Tí kò bá sí, okùn mẹ́ta náà á ṣì jáde, ṣùgbọ́n kò ní ìkọ́ tó tó, ooru ara wa lásán, digirì 37 péré, ti tó láti tú u.

Ìyá náà wò mí, ó ní “Háà, bí àdìrẹ tí wọn ò so dáadáa kí wọ́n tó rì í sínú aró nìyẹn.” Mo ní Mummy, ẹ ti gbà á lẹ́nu mi.

Tí ara ò bá wá rí fítámì C rárá ńkọ́?

Gbogbo ibi tí kọ́lájìn wà ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Kò ní í jẹ́ lọ́jọ́ kan o. Ara tó ń jẹun dáadáa máa ń ní bíi 1,500 mílígíráàmù nípamọ́, yóò máa ná an díẹ̀díẹ̀, láàárín oṣù kan sí oṣù mẹ́ta ni nǹkan á tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Ó máa ń fi àárẹ̀ bẹ̀rẹ̀, èèyàn á kàn máa sọ pé ara òun ò le. Lẹ́yìn náà erìgì á wú, á máa ṣẹ̀jẹ̀, eyín á máa mì. Ẹsẹ̀ á máa ní ojú dúdú dúdú tí ẹ̀jẹ̀ ti sun sábẹ́ awọ, irun ara á lọ́ bíi síkírù, egbò tó yẹ kó jinná lọ́sẹ̀ kan á kàn lanu sílẹ̀. Scurvy ni wọ́n ń pe àìsàn náà, mi ò mọ orúkọ tí àwọn bàbá wa ń pè é, bóyá nítorí ata àti ewébẹ̀ tí wọ́n ń jẹ ni ò jẹ́ kí wọ́n nílò orúkọ fún un.

Àwọn atukọ̀ òyìnbó ló mọ̀ ọ́n dáadáa. Oṣù bíi mélòó lórí òkun, bisikí gbígbẹ àti ẹran oníyọ̀ nìkan, kò sí èso. Nígbà tí ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi kan tó ń jẹ́ Anson kó ọkọ̀ òkun kúrò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1740, àìsàn yìí pa àwọn èèyàn ẹ̀ rẹpẹtẹ, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkùnrin kan wà nínú wọn tó gbọgbẹ́ lójú ogun lọ́dún 1690, àádọ́ta ọdún ṣáájú, ọgbẹ́ náà ti jinná tipẹ́, ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ yẹn ó là padà bí ẹni pé àná ni wọ́n gbọgbẹ́ ẹ̀. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn torí ó jẹ́ ká rí nǹkan kan: àpá ara wa tá a rò pé ó ti parí, kò parí o, ojoojúmọ́ lara ń tún kọ́lájìn ibẹ̀ ṣe. Ọjọ́ tí àtúnṣe bá dúró, àpá á ṣí.

Lọ́dún 1747 ni dókítà ọkọ̀ òkun kan, James Lind, wá mú aláìsàn méjìlá, ó pín wọn ní méjì méjì, ó fún àwọn kan ní ọtí ápù, àwọn kan ní fínígà, àwọn kan ní omi òkun mu (ẹ gbọ́ nǹkan!), àwọn méjì kan ló fún ní ọsàn méjì àti ọsàn wẹ́wẹ́ kan lójúmọ́. Ọjọ́ kẹfà ni ọsàn tán, ọ̀kan nínú àwọn méjì yẹn ti ń lọ síbi iṣẹ́ padà, èkejì ẹ̀ ló ń tọ́jú àwọn tó kù. Ó kọ ọ́ síwèé lọ́dún 1753. Ìjọba wọn ò tó pàṣẹ pé kí wọ́n máa fún àwọn ọmọ ogun ojú omi ní omi ọsàn àfi ìgbà tó di 1795. Ọdún 42! Ìjọba, ibikíbi ni wọ́n ti ń jẹ́ ìjọba.

Kò sẹ́ni tó mọ nǹkan tó wà nínú ọsàn náà títí di ọdún 1928 tí ọmọ ilẹ̀ Hungary kan, Albert Szent-Györgyi, fi yọ ọ́ jáde, nígbà tó ṣe, ata pupa ìlú ẹ̀, tó jọ tàtàṣé wa, ló ti rí èyí tó pọ̀. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1937. Ata o, kì í ṣe ọsàn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀.

Kí ló dé tí ewúrẹ́ tó ń jẹ pákí gbígbẹ kì í ní àìsàn yìí?

Ewúrẹ́ ń ṣe fítámì C tiẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀. Ajá, ológbò, màlúù, gbogbo wọn ló ń ṣe é látinú ṣúgà ara wọn. Àwa èèyàn, ọ̀bọ, ìnàkí àtàwọn àdán kan wà lára àwọn tí kò lè ṣe é, ohun èèlò tí wọ́n fi ń ṣe é ti bàjẹ́ lára wa láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹnu la gbọ́dọ̀ fi gbà á.

Mélòó ló tó lójúmọ́?

Ìwọ̀n tí Amẹ́ríkà ń lò ni 90 mílígíráàmù fún ọkùnrin, 75 fún obìnrin, 85 fún aláboyún, 120 fún ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn. Ẹni tó bá ń mu sìgá, kó fi 35 kún tiẹ̀, torí èéfín yẹn ń jó fítámì náà nù nínú ara, ó sì tún ń ba kọ́lájìn awọ jẹ́ fúnra ẹ̀, ẹ wo ojú àwọn tó ti mu sìgá fún ogún ọdún, ẹ máa rí i. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 40 ti tó fún àgbàlagbà. Kí scurvy má kàn mú èèyàn, bíi 10 péré ti ṣe é.

Ọsàn kan tó tóbi níwọ̀nba máa ń ní bíi 70. Ẹ wá ṣírò ẹ̀.

Kí ni ká máa rà lọ́jà Kútọ̀ tàbí Láfẹ̀ńwá, torí owó ò sí?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Gbogbo èèyàn ló mọ ọsàn, ọsàn sì dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ọba. Gúáfà ni. Gúáfà tí wọ́n ń fi ọmọdé ránṣẹ́ kó lọ ká lẹ́yìn ilé, tẹ́ni kankan ò kà sí, gíráàmù ọgọ́rùn-ún ẹ̀ ń ní ju 200 mílígíráàmù lọ, ọsàn ò ju bíi 50 lọ. Ìlọ́po mẹ́rin! Kajú náà, èso olómi yẹn tá a máa ń fún sẹ́nu tá a wá ń sọ kóró ẹ̀ sápò, ó ju ọsàn lọ dáadáa. Ìbẹ́pẹ ju ọsàn lọ díẹ̀. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó súnmọ́ ọn. Máńgòrò kéré sí i díẹ̀, kò burú. Wọ́tàmẹ́lọ́ọ̀nù, omi ni ẹ ń mu o jàre, kò tó mẹ́wàá nínú gíráàmù ọgọ́rùn-ún.

Tàtàṣé tó ti pọ́n, tútù, ó fi ìlọ́po méjì ju ọsàn lọ. Ata rodo náà ní tiẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló lè jẹ rodo tó tó gíráàmù ọgọ́rùn-ún, àfi ẹni tí ọ̀ràn ń bá jà. Ibi tí ìṣòro wà ni bá a ṣe ń sè é. Fítámì C kò fẹ́ iná, kò fẹ́ afẹ́fẹ́, ó sì máa ń yọ́ sínú omi. Ata tẹ́ ẹ lọ̀, tẹ́ ẹ sè títí omi ẹ̀ fi gbẹ, tẹ́ ẹ tún wá dín in fún ogójì ìṣẹ́jú torí pé ọbẹ̀ ọ̀fadà gbọ́dọ̀ dúdú, ó dùn, mo gbà, èmi náà ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n fítámì ibẹ̀ ti bá èéfín lọ. Ewébẹ̀ tẹ́ ẹ bọ̀, tẹ́ ẹ fún omi ẹ̀ dànù, inú gọ́tà ni ẹ da fítámì sí.

Ewédú ńkọ́? Àwa Ẹ̀gbá tí láfún kì í jìnnà sí wa, láfún fúnra ẹ̀ kò ní fítámì C tó tó sọ, ewédú tútù ló ní in. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ju kán-ún sí ewédú kó lè yọ̀ kíá, kán-ún ń pa fítámì C, kò sí àwíjàre níbẹ̀. Ẹ fi ìjábẹ̀ já a dáadáa, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ lórí iná, á yọ̀. Ìyá mi ò fi kán-ún sí ewédú rí, kì í sì í ṣe fítámì ló rò, ó ní kán-ún máa ń ba adùn ẹ̀ jẹ́.

Ìmọ̀ràn tèmi: ẹ jẹ́ kí nǹkan tútù kan wọ ẹnu lójúmọ́. Ọsàn méjì tí wọ́n bó lórí bárò dára, ìlàjì ìbẹ́pẹ kékeré dára. Èyí tí wọ́n ti gé sínú náílọ̀n tí oòrùn ti ń pa látàárọ̀, ẹ rà á láàárọ̀ kùtù tẹ́ ẹ bá máa rà á. Tí ìgbà ọsàn bá sì kọjá, agbálùmọ̀ á dé, kajú á dé, máńgòrò á dé, Ọlọ́run ò jẹ́ kí gbogbo ẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan náà.

Pọ̀nmọ́ ni mò ń jẹ ní tèmi, ṣebí kọ́lájìn ni gbogbo ẹ̀?

Ẹ rẹ́rìn-ín kẹ́ ẹ tó kà á. Òótọ́ ni, kọ́lájìn ló pọ̀ jù nínú pọ̀nmọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni bọ̀kọ́tọ̀. Àwọn tó ń sọ pé pọ̀nmọ́ ò ní nǹkan kan nínú, wọ́n ń ṣàsọdùn. Ṣùgbọ́n pọ̀nmọ́ tẹ́ ẹ jẹ kò ní í rìn látinú ikùn lọ lẹ̀ mọ́ ojú yín. Ikùn máa já a sí wẹ́wẹ́ ni, bó ṣe ń já ẹ̀wà àti ẹja, ara á wá fi wẹ́wẹ́ náà kọ́ ohun tó bá wù ú, ó lè jẹ́ èékánná, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀. Ó tún ní àléébù kan, pòróténì inú pọ̀nmọ́ kò pé, ọ̀kan nínú àwọn wẹ́wẹ́ tí ara ò lè ṣe fúnra ẹ̀ kò sí nínú ẹ̀ rárá, nítorí náà tó bá jẹ́ pọ̀nmọ́ nìkan ni ẹran ilé yín, ẹ fi ẹ̀wà, ẹyin tàbí ẹja ti í lẹ́yìn. Kẹ́ ẹ sì wo pọ̀nmọ́ tẹ́ ẹ ń rà, èyí tí wọ́n fi táyà sun yẹn, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó sun ún.

Ohun tí mo ń sọ fún àwọn oníbàárà mi ni pé pọ̀nmọ́ nínú ọbẹ̀, ọsàn lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ ti kó ohun èlò, ẹ ti kó ẹni tó ń pọ́n ọ̀bẹ.

Kọ́lájìn páúdà onígo tí wọ́n ń polówó lórí TikTok, ṣé ó ń ṣiṣẹ́?

Owó yín ni. Ìwádìí kan wà tó sọ pé ó ran awọ lọ́wọ́ díẹ̀ tí wọ́n bá mu ún fún oṣù bíi mélòó kan, kí awọ má gbẹ jù, kó rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú ìwádìí náà, àwọn tó ń tà á ló sanwó ẹ̀. Kì í pani lára lọ títí. Awọ màlúù tàbí awọ ẹja tí wọ́n ti já sí wẹ́wẹ́ kó tó dé ikùn ló wà nínú ẹ̀, ìyẹn ni pé pọ̀nmọ́ tó lọ síléèwé. Mo ń tà á, mi ò ní í purọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ yáwó rà á, mo máa ń lé e padà.

Ìpara fítámì C ńkọ́? Ó ń jẹ́ kí ojú mọ́ àbí kò jẹ́?

Ó yẹ ká la eléyìí sí méjì, torí nǹkan méjì ló ń jẹ́ orúkọ kan náà.

Ìkínní ni sírọ́ọ̀mù gidi, igo kékeré, tí fítámì C inú ẹ̀ máa ń tó ìdá 10 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó lè wọ awọ díẹ̀, ó sì ń ran awọ lọ́wọ́ lórí oòrùn tó ń já kọ́lájìn wa. Oòrùn ni ọ̀tá kọ́lájìn tó ga jù o, ẹ̀yin ọlọ́kadà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sá àdìrẹ lójú oòrùn látàárọ̀ dalẹ́, awọ dúdú wa ń gbà wá díẹ̀, kò gbà wá tán, fìlà etí gbooro àti aṣọ apá gígùn ò wọ́n jù. Wàhálà sírọ́ọ̀mù yìí ni pé kì í pẹ́ bàjẹ́. Tó bá ti di àwọ̀ tíì, ó ti kú. Ooru Abẹ́òkúta yìí, lórí fèrèsé, ẹ ò ní í lò ó dé ìdajì.

Ìkejì ni ohun tí mo ń rí lójoojúmọ́, ike ńlá tí wọ́n po nínú yàrá, tí wọ́n lẹ àwòrán ọsàn mọ́ lára, tí wọ́n kọ “vitamin C” sí gàdàgbà. Ó ń bó èèyàn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Fítámì C kì í bó èèyàn lọ́sẹ̀ méjì, ẹ gbọ́ mi. Ohun tó ń bó yín níbẹ̀ lè jẹ́ hydroquinone, ó lè jẹ́ mercury, ó sì lè jẹ́ clobetasol, ìyẹn sítẹ́rọ́ọ̀dù, oògùn tí dókítà awọ máa ń kọ fún ọjọ́ díẹ̀ fún ibi kékeré lára. Ibi tó ti ń dùn mí rèé: sítẹ́rọ́ọ̀dù yẹn máa ń dá iṣẹ́ kọ́lájìn dúró nínú awọ. Ẹ rà á nítorí kọ́lájìn, òun gan-an ló ń pa kọ́lájìn. Awọ á fẹ́lẹ́ bíi náílọ̀n, òpó ẹ̀jẹ̀ á máa hàn, ìlà á máa là lára itan àti apá, tí wọ́n bá fẹ́ rán irú awọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó máa ń le láti di okùn mú. Ọmọbìnrin kan wá bá mi lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ orí ẹ̀ ò tíì tó ọgbọ̀n, apá ẹ̀ dà bí ti ẹni àádọ́rin. Ó ní ṣé mo ní kọ́lájìn tó le. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ, mo kàn mú àga fún un.

Ẹ yẹ nọ́ńbà NAFDAC wò lára ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi para. Tí ẹni tó ń tà á bá sọ pé “àdàlù tèmi ni, kò nílò nọ́ńbà”, ẹ kí i pé ó dàbọ̀. Tẹ́ ẹ bá sì ti ń lò ó tipẹ́, ẹ má dá a dúró fúnra yín gbàgà, awọ lè gbaná, ẹ lọ rí dókítà awọ.

Ṣé fítámì C ń wo ọ̀fìnkìn?

Kì í wò ó. Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó ń lò ó lójoojúmọ́ àti ẹni tí kò lò ó, ọ̀fìnkìn ń mú àwọn méjèèjì bákan náà. Àǹfààní ibẹ̀ ni pé ẹni tó ti ń lò ó déédéé tẹ́lẹ̀, ọ̀fìnkìn ẹ̀ máa ń yára lọ díẹ̀, bíi ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún fún àgbàlagbà, ìdá 14 fún ọmọdé. Ọ̀fìnkìn ọjọ́ méje á wá di ọjọ́ mẹ́fà àbọ̀. Kẹ́ ẹ wá dúró dìgbà tí imú ti ń ṣomi kẹ́ ẹ tó wá ra tiyín, ó ti pẹ́ jù. Àwọn tó ń fi ara ṣiṣẹ́ líle, bí àwọn tó ń sáré ẹlẹ́mìí ẹṣin, ló yàtọ̀, ó ń dín bí ọ̀fìnkìn ṣe ń mú wọn kù ní ìdajì.

Ìyẹn ò wá sọ pé kò wúlò fún àwọn ọmọ ogun ara o. Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ máa ń kó o pamọ́ gan-an, wọ́n ń lò ó. Èyí tó bá ti tó wọn, tẹ́ ẹ bá bù kún un, wọn ò ní í tìtorí ẹ̀ di méjì.

Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ò tó. Ṣé fítámì C lè ṣe nǹkan sí i?

Ó lè ṣe é, pàápàá fún ẹni tí kì í sábà rí ẹran jẹ. Irin inú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ máa ń ṣòro fún ikùn láti gbà, tẹ́ ẹ bá jẹ ọsàn tàbí ìbẹ́pẹ mọ́ oúnjẹ yẹn, nígbà kan náà o, kì í ṣe lálẹ́, ó máa ń gbà á ju bó ṣe ń gbà á tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa. Tíì ló ń ṣe òdìkejì. Ẹni tó ń fi tíì ti ẹ̀wà sísàlẹ̀ láàárọ̀, kó sún tíì síwájú bíi wákàtí kan. Aláboyún, ẹ má fi ọsàn rọ́pò oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún yín níbi ìtọ́jú oyún o, ẹ jọ lò ó ni.

Tí mo bá lò ó jù ńkọ́? Ṣebí ìtọ̀ ló ń bá jáde?

Ọ̀pọ̀ ẹ̀ ń bá ìtọ̀ jáde lóòótọ́. Tẹ́ ẹ bá jẹ èyí tó wà láàárín 30 sí 180 lójúmọ́, ara ń gbà bíi 70 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún, tẹ́ ẹ bá wá gbé 1,000 mì lẹ́ẹ̀kan, kò ní í gbà tó ìdajì. Àpọ̀jù tí wọ́n fi sí i fún àgbàlagbà ni 2,000 lójúmọ́.

Ẹ jẹ́ n tú àṣírí ara mi. Nígbà kòrónà lọ́dún 2020, tí gbogbo èèyàn ń já fítámì C gbà lọ́wọ́ ara wọn, èmi tí mo ń tà á, mò ń mu èyí tó ń hó nínú omi yẹn, oní-1,000, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lọ́sàn-án, ọ̀kan lálẹ́. Ọjọ́ kẹta ikùn dà mí láàmú débi pé mi ò lè dúró lórí kàǹtà, ọkọ mi ti ń sọ pé kòrónà ti dé. Ìgbẹ́ gbuuru lásán ni. Mo dá a dúró, ó lọ.

Èyí tó le ju ìgbẹ́ gbuuru lọ ni òkúta inú kíndìnrín. Ẹni tó ti ní in rí, kó má lo èyí tó lágbára láìjẹ́ pé dókítà mọ̀. Àwọn tí G6PD ò tó lára wọn (enzyme kan tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ni), wọ́n sì pọ̀ láàárín wa níbí tọ́pọ̀ ò sì mọ̀ pé àwọn wà lára wọn, fítámì C tó pọ̀ rẹpẹtẹ látinú díríípù lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn. Nítorí náà díríípù “ìdán” tí wọ́n ń gbà ní ilé ìṣaralóge, níbi tí kò sí dókítà, tí kò sẹ́ni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ẹ̀yin alátọ̀gbẹ, èyí tó lágbára lè jẹ́ kí ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi ń wọn ṣúgà purọ́ fún yín. Tẹ́ ẹ bá sì ń lo oògùn ibà lọ́wọ́, èmi máa ń ní kẹ́ ẹ parí ẹ̀ ná kẹ́ ẹ tó padà sí fítámì C alágbára, torí ọ̀nà tí oògùn bí artemether ń gbà pa kòkòrò ibà, fítámì C lè tako ó.

Ọsàn ò sí nínú gbogbo èyí. Mi ò tíì rí ẹni tó jẹ ọsàn títí tó fi dèrò ọsibítù.

Ọmọ mi jẹ odidi páálí fítámì C, ó rò pé súìtì ni!

Ó yé mi, ó dùn lẹ́nu, àwa àgbà náà ń jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹ ka èyí tó ṣẹ́kù kẹ́ ẹ mọ iye tó jẹ, ẹ fún un lómi, ikùn lè yọ ọ́ lẹ́nu. Àmọ́ ẹ yẹ páálí náà wò dáadáa, tó bá ní áyọ́ọ̀nù nínú, ẹ má dúró, ẹ gbé e lọ sọ́sibítù lójú ẹsẹ̀. Ẹ sì gbé e sókè kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, kẹ́ ẹ má pè é ní súìtì létí ẹ̀.

Mo ní ọ́sà, ọsàn ń ta mí nínú.

Ẹ jẹ gúáfà tàbí ìbẹ́pẹ, kò kan bẹ́ẹ̀ yẹn.

Àpá mi máa ń wú sókè, wọ́n ní kélóìdì ni. Ṣé ọsàn ló ń fà á?

Kì í ṣe ọsàn. Kélóìdì jẹ́ ibi tí ara ti ń ṣe kọ́lájìn tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dúró, ó máa ń wà nínú ìdílé, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú. Bí etí lílu bá ti fún yín ní ọ̀kan, ẹ má lọ lu èkejì. Ẹ sọ fún dókítà kó tó gbé abẹ lé yín lára, oògùn wà tí wọ́n lè fún síbẹ̀ kó má wú tó bó ṣe yẹ kó wú. Kí ẹnì kankan má wá ní kẹ́ ẹ má jẹ èso mọ́.

Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, iṣẹ́ abẹ ni. Ìyá mi ní kò gbọ́dọ̀ jẹ ọsàn kí egbò má baà kẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ẹ bá mi kí Mama, ẹ kú ewu ọmọ. Àmọ́ òdìkejì ẹ̀ ni. Egbò yẹn, kọ́lájìn ni ara ń fi dí i, ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ yìí gan-an ló nílò fítámì C jù, ó sì tún ń fọ́mọ lọ́yàn, 120 ni tiẹ̀ lójúmọ́, ẹ rántí. Ọsàn méjì lójúmọ́, ẹyin, ẹja, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ tí kò pẹ́ lórí iná. Tí Mama bá ṣì yarí, ẹ fún un ní ìbẹ́pẹ, mi ò tíì gbọ́ kí ẹnì kankan bá ìbẹ́pẹ jà. Kẹ́ ẹ máa yẹ ojú egbò náà wò lójoojúmọ́ pẹ̀lú ọwọ́ tó mọ́, tó bá ń pọ́n tó ń gbóná, tó ń sun ọyún, tàbí tí ara ẹ̀ bá ń gbóná, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọsàn mọ́, ẹ gbé e padà lọ sọ́sibítù tí wọ́n ti ṣe é lọ́jọ́ náà.